Títẹ̀lé Ìgbòkègbodò Ọjà àti Èrè Oníṣòwò: Àgbéyẹ̀wò Láti Ilẹ̀ Èkìtì

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣàjèjì lẹ́nu aláròóbọ̀ níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá: "Ohun tó ń tà ni kí ènìyàn máa tà." Ìmọ̀ràn yìí ni ìyá máa ń fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pàtẹ, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ máa ń fún ọ̀rẹ́ tí owó ìfẹ̀yìntì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré, títí dé Òmùò tí ó wà ní ojú ọ̀nà Kàbà, kò ṣòro láti rí ẹni tí ó fi owó àjọ, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹbí bẹ̀rẹ̀ òwò kan nítorí pé ó rí i tí ẹlòmíràn ń jèrè nídìí rẹ̀. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọmi, kì í ṣe oníṣòwò nìkan ni ó ń pa lára. Owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀, orúkọ rere tí ó fi ń gba ọjà àwìn wà níbẹ̀, ìfọkàntán àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kì í fi í ṣe ìbéèrè eré: ǹjẹ́ títẹ̀lé bí ọjà ṣe ń lọ máa ń mú kí oníṣòwò rí èrè ju ẹni tí kò tẹ̀lé e lọ?

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni ó ni ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n ọjà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí olùkọ́ Yorùbá ń kọ́ ọmọ nípa rẹ̀ lábẹ́ àṣà, ìpolówó ọjà sì wà nínú ohun tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ́. Ó ṣeni láàánú pé ibi ìpolówó náà ni ẹ̀kọ́ sábà máa ń parí sí. Ọmọ á mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀kọ tútù, kò ní mọ ìdí tí oníẹ̀kọ fi yan ẹ̀kọ ní títà. Bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá ní òwe, ọ̀rọ̀ àti ìrírí tí ó pọ̀ tó láti fi dáhùn ìbéèrè náà, bí a bá fi wọ́n wé ohun tí ìtàn sọ.

Ohun Mẹ́ta Lábẹ́ Orúkọ Kan

Inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ní òun ń tẹ̀lé ọjà, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìwà mẹ́ta tí kò jọra ni ó ń sọ. Èkíní ni wíwo ọjà: kí oníṣòwò mọ ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bèèrè, ìgbà tí owó máa ń wà lọ́wọ́ wọn, iye tí agbára wọn ká, àti ibi tí ọjà náà ti ń wá. Èkejì ni lílé iye: kí ó ra ọjà kan nítorí pé owó rẹ̀ ń gòkè, pẹ̀lú ìrètí pé yóò tún gòkè sí i kí òun tó tà á. Ẹ̀kẹta ni wíwọ́ tẹ̀lé èrò: kí ó bọ́ sídìí òwò kan nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wà nídìí rẹ̀.

Àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ yìí. Òwe tí ó sọ pé bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà, ẹni tí ó ń wo ọjà ni ó ń gbè lẹ́yìn. Òwe tí ó sọ pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn, ẹni tí ó ń lé iye ni ó ń bá wí, nítorí pé ojú onítọ̀hún rí ọ̀nà tó tẹ́jú níwájú, kò sì rò pé kọ́nà kan lè wà níbẹ̀. Èyí tí ó sọ pé ẹni tó bá tètè dé odò ni í pọn omi tó tòrò kan ẹni tí ó ń wọ́ tẹ̀lé èrò: omi kan náà ni ẹni ìkẹyìn bá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú ti rú u. Olùkọ́ tí ó bá kó òwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sábẹ́ àkòrí kan ṣoṣo, "òwe nípa òwò", tí kò sọ irú òwò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá wí, ti sọ ọgbọ́n inú wọn di ọ̀rọ̀ àhásórí lásán.

Ọjà Ọrọọrún

Ètò ọjà àtijọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìgbà wo ọjà. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún tàbí ní ìsán-ìsán kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà ní àwọn ìlú tó múlé ti ara wọn. Bí ti ìlú kan bá jẹ́ òní, ti èkejì lè jẹ́ ọ̀la, ti ẹ̀kẹta ọ̀túnla, kí alájàpá lè yí gbogbo wọn ká. Hodder, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ètò yìí ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé tí òun àti Ukwu jọ gbé jáde lórí ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1969 sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fà yọ ni pé ẹrù nìkan kọ́ ni alájàpá ń rù láti ọjà kan dé èkejì. Ó ń ru ìròyìn pẹ̀lú. Ó mọ iye tí gàrí jẹ́ níhìn-ín lánàá, ó ń lọ wo iye tí ó jẹ́ lọ́hùn-ún lónìí. Ìyàtọ̀ àárín iye méjèèjì, lẹ́yìn tí ó bá yọ owó ọkọ̀ àti owó alábàárù kúrò, ni oúnjẹ rẹ̀.

Níbi irú òwò yìí, títẹ̀lé ọjà ń lérè nítorí pé àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ó rà àti ìgbà tí ó tà kúrú. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, àdánù ọjà kan ṣoṣo ni, ọrún tó ń bọ̀ yóò fún un ní ààyè láti tún un ṣe. Yorùbá sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọrún kan náà ni babaláwo àti ìyá aláròóbọ̀ ń kà. Ìmọ̀ nípa ọjà kì í pẹ́ kó tó bà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un bèèrè lemọ́lemọ́.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí gbogbo ayé bá ti ní kì í fún ẹnikẹ́ni ní àǹfààní mọ́. Ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí fóònù alágbèéká ti ń tàn kálẹ̀ láti ọdún 2001, ìwádìí tí Jenny Aker gbé jáde ní 2010 lórí ọjà ọkà fi hàn pé ìyàtọ̀ iye láàárín ọjà kan sí èkejì dín kù ní ìwọ̀n ìdá 10 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí fóònù. Èyí dára fún ẹni tí ń ra ọkà jẹ. Fún alájàpá tí ń gbé ẹrù láti Òmùò lọ sí Adó, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé iye ti dé Adó kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra.

Ìtàn Kòkó

Kòsí ibi tí ìbéèrè yìí ti hàn gbangba ju ìtàn kòkó lọ, nítorí pé kòkó ni ó kọ́ ilé, tí ó rán ọmọ nílé-ìwé, tí ó sì jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè ní gbogbo agbègbè gúúsù Èkìtì. Oníṣòwò kan, J. P. L. Davies, ni ó dá oko kòkó tí ó lókìkí sílẹ̀ nítòsí Agége ní nǹkan bí ọdún 1880. Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún náà àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, kòkó tàn dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì. Ìwé Sara Berry tí ó jáde ní 1975 ṣàlàyé bí ó ṣe tàn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín rí ilẹ̀ igbó tí ó lọ́ràá, tí kò sì wọ́n. Wọ́n tètè dé odò.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ọjà náà kọ́kọ́ kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kíkan. Láti 1919 wọ inú 1920, iye kòkó gbéra sókè gan-an. Àwọn oníṣòwò dúdú púpọ̀ yáwó, wọ́n ra kòkó pamọ́, wọ́n sì béèrè fún ọjà láti òkè òkun nítorí ó dà bí ẹni pé owó kò ní tán mọ́. Kí 1920 tó parí, iye ti já bọ́. Ẹni tí ó ń ra kòkó ní díẹ̀díẹ̀ tí ó sì ń tà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pàdánù díẹ̀, ó dúró. Ẹni tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ kún fún kòkó ọ̀wọ́n ni ó ṣubú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń tẹ̀lé ọjà. Ohun tí ó pín wọn níyà ni iye ọjọ́ tí owó wọn fi há sínú ọjà.

Láti 1940 ni ìjọba amúnisìn ti wọ inú òwò náà. Àjọ tí ń ta kòkó Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1954, irú ètò bẹ́ẹ̀ sì wà títí di 1986. Lábẹ́ àjọ wọ̀nyí, ìjọba ni ó ń dá iye tí wọn yóò san fún àgbẹ̀ ní àsìkò kọ̀ọ̀kan. Olùra tí ó ní ìwé àṣẹ kò jèrè nítorí pé ó mọ ibi tí ọjà ń lọ. Orí ìwọ̀n, orí bí kòkó ṣe gbẹ sí àti orí iye àpò tí ó bá rà ni ó ti ń jèrè. Àgbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjábọ̀ òjijì, ṣùgbọ́n ìgbà tí kòkó wọ́n lókè òkun, ọ̀pọ̀ nínú èrè náà ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lára owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ohun ńlá ní Ìwọ̀-Oòrùn, láàárín wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 àti Ilé Kòkó tí ó parí ní Ìbàdàn ní 1965. Síbẹ̀ sùúrù àgbẹ̀ ní òpin, ogun Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 sì fi èyí hàn. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó tẹ̀lé ọjà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọjà. Ẹlòmíràn ni ó ń tẹ̀lé e lórúkọ rẹ̀.

Ní 1977, iye kòkó lágbàáyé ga dé ibi tí kò dé rí. Àwọn àgbẹ̀ ní Côte d'Ivoire, Màlésíà àti Indonéṣíà gbin kòkó lọ́pọ̀ yanturu. Kòkó kì í so lọ́dún tí wọ́n gbìn ín: ó ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ti àtijọ́ sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí igi wọ̀nyí ń so ní àárín àwọn ọdún 1980, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń so. Ọ̀pọ̀ dé, iye sì já. Ààrẹ Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire gbìyànjú láti má ta kòkó orílẹ̀-èdè rẹ̀ kí iye lè gòkè, ọjà kò dá a lóhùn. Ní Màlésíà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gé kòkó wọn, wọ́n gbin ọ̀pẹ sí ibẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí irú nǹkan báyìí tipẹ́. Hanau rí i lára òwò ẹlẹ́dẹ̀ ní Jámánì ní 1928. Ezekiel ará Amẹ́ríkà sì kọ̀wé lé e lórí ní 1938, ó fi àwòrán rẹ̀ wé okùn aláǹtakùn. Àlàyé rẹ̀ kò le. Ọ̀wọ́n ọdún yìí ń mú kí gbogbo ènìyàn gbìn. Gbígbìn gbogbo ènìyàn ń bí ọ̀pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń mú kí gbogbo ènìyàn kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ tún ń bí ọ̀wọ́n. Ẹni tí ó gbin kòkó nítorí iye ti ọdún yìí kò tíì tẹ̀lé ọjà kankan, nítorí ọjà tí yóò tà á fún kò tíì dé. Ìyá aláta tí ó gbin ata nítorí pé ata wọ́n lọ́dún tó kọjá wà nínú okùn kan náà, oṣù díẹ̀ ni okùn tirẹ̀ kàn fi gùn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1986. Wọ́n tú àjọ náà ká, wọ́n sì jẹ́ kí iye náírà já sílẹ̀. Lójijì, kòkó di ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà rí dọ́là. Àwọn tí kò mọ kòkó gbígbẹ yàtọ̀ sí tútù sáré wọ òwò náà. Wọ́n ń ra ohunkóhun tí wọ́n bá rí, nígbà mìíràn ní iye tí ó ju ti òkè òkun lọ, nítorí dọ́là ni wọ́n ń wá, wọn kò wá èrè lórí kòkó. Àyẹ̀wò kòkó dẹ̀, orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní lókè òkun sì bàjẹ́. Nígbà tí iye já, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde bí wọ́n ṣe wọlé. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́kù ni àwọn tí wọ́n ti mọ àgbẹ̀ tiwọn, tí wọ́n mọ ọ̀nà oko, tí wọ́n sì lè fi ọwọ́ kan ẹ̀wà kòkó kan kí wọ́n mọ̀ bóyá yóò hu.

Ìtàn náà tún ara rẹ̀ sọ láìpẹ́ yìí. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn igi kòkó ní Ghana àti Côte d'Ivoire mú kí iye kòkó borí ti 1977 ní oṣù kejì ọdún 2024. Ó kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní oṣù kẹta, ó sì kọjá 12,000 ní oṣù kejìlá ọdún náà. Nígbà tí 2025 fi ń parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fi àpẹẹrẹ yìí han akẹ́kọ̀ọ́: olùra méjì ní owó kan náà lọ́wọ́. Ọ̀kan ń rà ní ọjọ́ Ajé, ó ń tà ní ọjọ́ Ẹtì, èrè kékeré ló ń jẹ lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Èkejì kó gbogbo owó rẹ̀ sínú kòkó ní ìparí 2024, ó tì í mọ́lé, ó ń retí kí ó tún wọ́n sí i. Bí iye ṣe ń gòkè, ẹni kejì ni gbogbo ìlú ń kan sáárá sí. Ọdún kan péré ni ó gbà kí ìdajì owó rẹ̀ tó lọ.

Àwọn Òṣómàáló

Àwọn oníṣòwò aṣọ kan wà láti Ìjẹ̀ṣà tí ìtàn wọn wúlò níhìn-ín. Orúkọ wọn wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ajigbèsè: òṣó ni àwọn yóò ló títí owó àwọn yóò fi jáde. Wọ́n gbé aṣọ àwìn kiri Èkìtì, Àkókó àti jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń padà wá gba owó nígbà tí àgbẹ̀ bá ti kórè. Ènìyàn sábà máa ń rántí líle wọn, ó sì máa ń gbàgbé òye wọn. Wọn kò bìkítà púpọ̀ nípa aṣọ tí ayé ń sáré lé. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìgbà tí owó máa ń wọ ọwọ́ oníbàárà, nítorí wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀ ní ìgbà òjò yóò ní owó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìgbòkègbodò ọjà ni wọ́n ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n èyí tí ń padà wá lọ́dọọdún ni, kì í ṣe èyí tí ń sáré lọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò dé.

Adìrẹ Abẹ́òkúta

Bí èrò ṣe ń ba ọjà jẹ́ hàn kedere nínú ìtàn adìrẹ ní Abẹ́òkúta, èyí tí Judith Byfield kọ ìwé lé lórí ní 2002. Ní àwọn ọdún 1920, adìrẹ tà gan-an. Àwọn oníbàárà ń wá láti Gold Coast àti Senegal. Àwọn obìnrin púpọ̀ sí i bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ. Aró ìbílẹ̀ gba sùúrù: ewé ẹlú yóò rà, omi eérú yóò tòrò, aṣọ yóò wọ ìkòkò léraléra. Ẹni tí ó fẹ́ tètè bá ọjà kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì wọlé láti mú iṣẹ́ yá. Aṣọ tí ń ṣí, tí ń gbó kíákíá, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn oníbàárà, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi òfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kan kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936.

Kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn aláró. Ọrọ̀-ajé gbogbo ayé ti wọ gàù láti 1929, owó sì wọ́n lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò sí nínú ti kòkó. Kòkó pọ̀ jù ni iye rẹ̀ fi já. Adìrẹ pọ̀, ó sì tún yí padà: ohun tí ẹni ìkẹyìn ń tà kì í ṣe ohun tí ó mú kí àwọn ẹni ìṣáájú lówó mọ́, orúkọ kan náà ni wọ́n kàn jọ ń jẹ́. Yorùbá ní ọ̀wọ́n là á ra ògo, ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn. Òwe náà bá ìyá aláró tí kò yí ìkòkò rẹ̀ padà mu.

Fóònù àti Ìwé Ìpín

Àpẹẹrẹ méjì tó sún mọ́ ìgbà tiwa kò ní gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, ẹni tí ó ní fóònù kan, tábìlì kan àti agboòrùn kan lè jókòó sí etí títì kí ó máa gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ jèrè. Lẹ́yìn náà ni agboòrùn kún títì. Láàárín ìgbà náà, Glo mú gbígba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá dé ní 2003, owó ìpè àti ti káàdì ìlà ń wálẹ̀, oníbàárà sì di ẹni tó ní fóònù tirẹ̀. Èyí tí ó gbọ́n nínú wọn ti bọ́ sí títa káàdì ìpè àti àtúnṣe fóònù kí òwò náà tó kú.

Ti ìwé ìpín ilé-iṣẹ́ burú jù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín Nàìjíríà ga kọjá 66,000. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ń yáwó ra ìpín bánkì nítorí pé ó ń gòkè. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, òṣùwọ̀n náà ti jábọ́ sí ìsàlẹ̀ 20,000. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á pàdánù owó. Ẹni tí ó fi owó èyáwó rà á pàdánù owó, ó sì tún jẹ gbèsè.

Síbẹ̀ kò yẹ kí ènìyàn sọ pé lílé iye kò lérè rárá. Jegadeesh àti Titman, nínú ìwádìí wọn ti 1993 lórí ìpín ní Amẹ́ríkà, rí i pé ìpín tí ó ti ń ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́ta sí méjìlá sábà máa ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ fún oṣù mẹ́ta sí méjìlá tó tẹ̀ lé e. De Bondt àti Thaler ti fi hàn ṣáájú, ní 1985, pé bí ó bá di ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ọ̀rọ̀ ń yí: àwọn tó wà lẹ́yìn a máa borí àwọn tó wà níwájú. Èyí bá ohun tí alájàpá àti àgbẹ̀ kòkó ti rí mu. Fún ìgbà kúkúrú, ọ̀nà náà tẹ́. Bí ó bá pẹ́, kì í lọ bí òréré.

Ohun kan tún wà tí ń tan ojú jẹ. Ẹni tó jèrè wà lọ́jà, ó ń sọ bí ó ṣe ṣe é. Ẹni tó kógbá wọlé ti padà sóko tàbí ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá ka kìkì àwọn tí ojú rẹ̀ rí yóò rò pé àǹfààní òwò náà pọ̀ ju bí ó ṣe rí lọ.

Nígbà tí Owó Fúnra Rẹ̀ Bá Ń Yọ́

Láti àárín 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já sílẹ̀, iye ọjà gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní 2024, ọ̀wọ́n ọjà ní Nàìjíríà kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Irú àkókò yìí ń mú kí gbogbo oníṣòwò dà bí ọlọ́gbọ́n, nítorí pé ohunkóhun tí ènìyàn bá rà lónìí yóò wọ́n sí i lọ́la. Ìyá tí ó ra àpò ìrẹsì kan, tí ó tà á ní iye tó ju iye tó fi rà á lọ, lè rò pé òun jèrè. Bí ó bá padà lọ sọ́dọ̀ alágbàtà tí owó náà kò sì ra àpò kan pé mọ́, ojú owó rẹ̀ ni ó ti jẹ. Àwọn àgbà aláròóbọ̀ tí kò mọ̀wé máa ń ka ojú owó wọn ní àpò, ní igbá tàbí ní ìdì, wọn kì í kà á ní náírà nìkan. Ọ̀nà ìṣirò yìí dára ju èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé lọ, ó sì yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí i nígbàkígbà tí ó bá ń kọ́ni ní òǹkà Yorùbá.

Lílò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò lè lo kókó yìí fún ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé. Kí ó kọ òwe mẹ́ta tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ mẹ́nu bà sára pátákó, kí ó sì bèèrè oníṣòwò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá wí: alájàpá gàrí, ẹni tó ti kòkó mọ́lé, tàbí ẹni tó gbé agboòrùn fóònù kalẹ̀ ní 2006. Àwọn ọmọ yóò jiyàn, ìjiyàn náà sì wúlò, nítorí pé òwe kan lè bá ju ẹnìkan lọ wí. Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti kọ́ wọn ní àwọn ọ̀rọ̀ bí ojú owó, àwìn, ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀, èènì, aláròóbọ̀ àti alágbàtà, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n lò wọ́n nínú gbólóhùn tiwọn.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ òde. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọjà kan, bí i gàrí, iṣu tàbí ata, kí ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan fún ọjà mẹ́wàá. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ó máa lò, nítorí pé kóńgò kan kì í tó kóńgò kejì nígbà mìíràn. Kí ó máa kí ẹni tí ó ń bi léèrè bí ó ti tọ́, kí ó sì ra nǹkan bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má baà rò pé agbowó-orí ni ó rán an wá. Láti ọjà karùn-ún lọ, kí ó tó kúrò nílé, kí ó kọ iye tí ó rò pé ọjà náà yóò jẹ́ àti ìdí tí ó fi rò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dé, kí ó kọ iye tí ó bá níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ka ìwé gbogbo kíláàsì pọ̀: iye ìgbà tí àbá wọn tọ́, àti iye ìgbà tí kò tọ́.